Dókítà Yẹn Mọṣẹ́, Àmọ́ Kí Ló Sọ fún Ẹ?

Bí inú bá ń dà ẹ́ láàmú nínú ọgbà yìí, tó o ti lo oògùn títí tí kò gbọ́, orúkọ dókítà kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá fún ẹ. Ilé-ìwòsàn ìjọba ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà àgbà ni, inú nìkan ló sì ń wò: ikùn, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ohun gbogbo tó so mọ́ wọn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwòsàn náà, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì mọ sọ́dọ̀ òun nìkan.

Bí ẹ bá bi èèyàn márùn-ún tó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìròyìn márùn-ún lẹ máa gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Ọlọ́run ló fi bàbá yẹn ṣàánú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jẹ̀rora, oṣù kan ò pé tí mo fi gbádùn." Ẹnìkejì á ní kò tiẹ̀ gbójú sókè wo òun, ìwé ló ń kọ títí òun fi jáde. Ẹnìkẹta á ní ó ju ìwé àyẹ̀wò òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí wọ́n ju ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Ẹnìkẹrin á ní oògùn tó ń ran òun lọ́wọ́ gan-an ló ní kí òun má lò mọ́. Ẹnìkarùn-ún á ní wọ́n ki rọ́bà bọ òun lọ́fun, òun san owó gọbọi, nígbà tó sì parí, dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe òun.

Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn kan ní dókítà burúkú ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ bá a mọ́. Àwọn kejì, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀ka ìṣègùn, fárí gá pé: "Ṣé ìwà ló ń wo ọgbẹ́ inú sàn ni? Bó bá ti mọṣẹ́, ó parí. Ẹ̀rín lẹ bá lọ síbẹ̀ ni àbí ìwòsàn?" Àwọn kejì yìí ni mo fẹ́ bá jà jù lónìí, nítorí àwọn ló yẹ kó mọ̀ jù, àwọn náà ló sì máa jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ iwájú.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo lọ bá àwọn márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi sùn ún, mi ò rí ibi kan tí mo ti lè sọ pé dókítà náà ṣi ìtọ́jú ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ẹnìkan nínú àwọn tó ń bínú tí mo lè sọ fún pé kò yẹ kó bínú. Dókítà jàre, aláìsàn náà jàre, síbẹ̀ ara aláìsàn kò yá. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń ṣe sí wọn lára àti ìdí rẹ̀. Èmi ò gbà pé àlàyé jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà, ìyẹn pé ẹni tó bá níwà á ṣe é, ẹni tí kò bá níwà á fi í sílẹ̀. Àlàyé wà lára ìtọ́jú bí oògùn ṣe wà lára rẹ̀. Dókítà tí kò bá ṣe àlàyé, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìwé àyẹ̀wò yẹn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún kejì kan ni. Ó lọ sí ilé àyẹ̀wò kan nígboro, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síwèé pé ó ní Helicobacter pylori, èyí tí gbogbo ayé ń gé kúrú sí H. pylori. Kòkòrò àìfojúrí ni, inú ikùn ló máa ń gbé. Tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà gbà pé àròkàn àti omi kíkan inú ikùn ló ń dá ọgbẹ́ síni nínú. Àfi ìgbà tí àwọn dókítà méjì ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, rí kòkòrò yìí hù jáde nínú ilé àyẹ̀wò lọ́dún 1982. Wọn ò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé kòkòrò náà mu bí ẹni mu omi, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ikùn rẹ̀ fi wú, tó ń bì. Ní 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ìwé kà, síbẹ̀ ohun tí a ṣì ń sọ fún ara wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni pé ebi ló ń fa ulcer. Ebi lè mú kí ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ máa ta ẹ́. Àmọ́ ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ náà sílẹ̀ ni kòkòrò yìí, àti àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti aspirin tí à ń jẹ bí ẹ̀pà.

Ká padà sórí ìwé. Àyẹ̀wò inú ẹ̀jẹ̀ kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ogun tí ara gbé dìde sí i ló ń wá. Bí ogun bá sì ti parí láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ ogun lè ṣì wà lójú pópó. Nítorí náà, ìwé tọ́mọbìnrin yìí mú lọ kò lè sọ bóyá kòkòrò náà ń gbé inú rẹ̀ lónìí. Èyí tó lè sọ ọ́ ni àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́, tàbí kí wọ́n bu ẹran bíńtín lára ikùn wò. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kòkòrò yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwa ará Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì ní in ni nǹkan kan ò ṣe. Dókítà jàre, ìwé yẹn kò wúlò fún ohun tó fẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ lọmọ yìí fi ṣe àyẹ̀wò náà. Ó tẹ́ ẹ síwájú dókítà bí ẹni tẹ́ ẹ̀rí síwájú adájọ́, dókítà sì gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ nǹkan kan ju "Go and do stool antigen" lọ. Bó bá ní, "Ọmọ mi, èyí tó o ṣe kò lè sọ fún wa bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, òmíràn wà tó lè sọ ọ́," mo fi fóònù ka iye àkókò tí gbólóhùn yẹn máa gbà. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ló yọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yìí kò ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ kankan. Ìwé tí dókítà jù nù ló mú lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n tà á ní oògùn apakòkòrò oríṣi méjì, ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, èébì ń gbé e, ó sì dá a dúró. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka ìṣègùn, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí jù mí lọ. Ìtọ́jú yìí máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14, láìfo ọjọ́ kan. Ẹni tó bá já a lójijì, ńṣe ló kọ́ kòkòrò náà bí wọ́n ṣe ń sá fún oògùn. Ìgbà mìíràn tí wọ́n bá fún un ní oògùn kan náà, ó lè má ràn án mọ́. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni.

Ẹnìkẹrin ńkọ́, ẹni tí wọ́n ní kó má lo oògùn rẹ̀? Omeprazole ló ń lò, ó ti tó oṣù mẹ́fà. Oògùn yìí máa ń dín omi kíkan inú ikùn kù, ìdí nìyẹn tó fi ń tù ú lára. Bó ṣe ń ṣe ìyẹn, ó tún ń mú kí kòkòrò náà fara pamọ́, débi pé àyẹ̀wò lè wò ó kó má rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kéèyàn dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́, kó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti lo oògùn apakòkòrò gbẹ̀yìn. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí bọ̀bọ́ yìí gbọ́ ni "Stop it, come back in two weeks." Nínú ọkàn tiẹ̀, ọkùnrin yìí fẹ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ. Nígbà tó dé ilé, ó ń lo oògùn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kò sí kòkòrò. Ta ló lè gba àyẹ̀wò yẹn gbọ́? Dókítà gbà á gbọ́, nítorí kò mọ̀ pé aláìsàn ò dá oògùn dúró. Aláìsàn náà gbà á gbọ́, nítorí kò mọ̀ pé oògùn lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń ta á ní òru.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹnìkarùn-ún.

Wọ́n ṣe endoscopy fún un. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí: o ò ní jẹun láti òru, wọ́n á fín oògùn sí ẹ lọ́fun kó lè kú tipiri tàbí kí wọ́n fún ẹ lábẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kó o tòògbé, wọ́n á wá ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀fun ẹ wọlé dé ikùn. Kò dùn, àmọ́ kò pa èèyàn. Wọ́n wo ti ọmọbìnrin yìí, kò sí ọgbẹ́, kò sí jẹjẹrẹ, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìròyìn ayọ̀ ni. Dókítà wá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́."

Irọ́ ni. Nǹkan ń ṣe é. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé bí kámẹ́rà bá wo ikùn àti ìfun, wọ́n á mọ́, síbẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìfun ní iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀, òun àti ọpọlọ sì máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Lára àwọn kan, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn yìí ti le jù, débi pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ẹlòmíràn ò ní mọ̀ lára á máa ro wọ́n bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ há a. Àwọn dókítà ní orúkọ fún un, wọ́n ń pe oríṣi kan ní IBS, wọ́n ń pe òmíràn ní functional dyspepsia, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: oúnjẹ tí o máa dín kù, oorun, oògùn tó ń pẹ̀rọ̀ sí ìfun, fífọkàn balẹ̀. Ìrora náà kì í ṣe àròsọ rárá, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, pàápàá nígbà ìdánwò, bí gbogbo wa ṣe mọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí gbólóhùn yẹn di nígbà tó délé. Ní èdè Yorùbá, "Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan" ní ìtumọ̀ kejì tí gbogbo wa mọ̀. Àbúrò ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: "Bí òyìnbó bá ti wò ó tí kò rí i, a jẹ́ pé kì í ṣe ojú lásán." Bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ kúrò nílé-ìwòsàn nìyẹn. Ìṣọ́ òru bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sórí òkè, wọ́n fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ 21, ẹni tí inú ń run! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó bàbá rẹ̀ tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ilé tó wà ní ìrọ̀rùn tẹ́lẹ̀ ti pín sí méjì báyìí. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, mo máa ń gbàdúrà. Ohun tí mò ń sọ ni pé dókítà yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé àṣẹ fún gbogbo rẹ̀, kò sì mọ̀. Bó bá sọ pé, "Kò sí ọgbẹ́, kò sí jẹjẹrẹ, àmọ́ ìfun rẹ ti gbóná jù lẹ́nu iṣẹ́, ó ní orúkọ, a sì ní ohun tí a máa ń ṣe sí i," kí ni àǹtí fẹ́ rí sọ?

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn, wọ́n ti fi dá mi lóhùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ ní àkókò kò sí. Ẹ ní kí n lọ wo èrò tó máa ń jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀. Mo ti wò ó. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà wa ń kó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Saudi, àwọn tó sì kù ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. A ò tíì gbàgbé 2021, nígbà tí àwọn dókítà onípele kejì daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá. Ẹni tó ń gba owó tí kò tó nǹkan, tó ń rí ọgọ́ọ̀rọ̀ aláìsàn lójúmọ́, mi ò lè ní kó máa rẹ́rìn-ín. Mi ò tiẹ̀ béèrè ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ju ìwé rẹ̀ nù ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń lo omeprazole ti padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn òkè àdúrà, tàǹtí àti tọmọ tún máa padà síbẹ̀ ni, nígbà náà ó ti lè burú sí i. Ìlà tí ẹ ní ó gùn yẹn, àwọn tí wọn ò ṣe àlàyé fún ló pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìṣẹ́jú méjì lónìí máa san án ní wákàtí kan lọ́la.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun kan tó pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tó ń yin dókítà bí ẹni ń ki ọba, mo bi í pé kí ló ṣe tí tiẹ̀ fi yàtọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé-ìwòsàn yẹn. Dókítà kọ oògùn fún òun náà láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n òun jókòó ti òun nírọ̀lẹ́, ó tò ó fún òun: èyí ló ń pa kòkòrò, èyí ló ń dín omi kíkan kù, ẹnu rẹ á máa korò, má torí ìyẹn dá a dúró, má fẹnu kan ọtí títí wàá fi parí rẹ̀. Ó lo tiẹ̀ tán, ó gbádùn. Nítorí náà, ìyìn tí dókítà ń gbà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ni ín. Àlàyé wà nínú ilé-ìwòsàn yẹn o, ẹni tó bá ní èèyàn níbẹ̀ ló ń rí i gbà. Bí a ṣe ń rí fọ́ọ̀mù gbà, bí a ṣe ń rí yàrá gbà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fẹ́ máa rí àlàyé lórí ara wa gbà?

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìlera Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2014 ti sọ ọ́ ní abala 23 pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ ipò tí ara rẹ̀ wà fún un, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn àti ohun tí wọ́n máa náni. Ó tún fi kún un pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́, lọ́nà tó bá ìwọ̀n ìmọ̀ ìwé rẹ̀ mu. Ní 2018, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ohun kan náà ló wà lókè níbẹ̀. Lára gbogbo ògiri ilé-ìwòsàn tí mo ti jókòó tì, mo ti rí "Ẹ má tutọ́ síbí," mo ti rí "Ẹ sanwó kí ẹ tó gba káàdì." Ti ìwé ẹ̀tọ́ yìí, mi ò tíì rí i.

Èdè tí aláìsàn gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí ilé wa nìyí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, ìyá oníṣòwò, lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà. Yorùbá ni dókítà, Yorùbá ni ìyá. Òyìnbó ni dókítà fi ń bi í léèrè, ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀. Ìyá ní, "Ó máa ń ta mí láti inú gun àyà wá bí mo bá ti dùbúlẹ̀, ẹnu mi á wá máa kan." Ọmọ yí i sí òyìnbó: "She has stomach pain." Gbogbo ohun tí dókítà nílò wà nínú gbólóhùn ìyá yẹn. Ó ti sọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń gbà, ìgbà tó ń ṣe é, àti omi kíkan tó ń gòkè wá sẹ́nu. Ó kù díẹ̀ kó dárúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni dókítà rí gbà nínú rẹ̀.

Yorùbá kò fi inú rírun ṣeré. Inú lè máa ta ọ́, ó lè máa lọ́ ọ, ó lè máa kùn, ó lè wú, ó lè kún fún afẹ́fẹ́, ó lè máa gún ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè yìí mọ̀ pé ohun kan náà kọ́ ni wọ́n. Ìyá alágbo tó wà ní gáréèjì mọ̀ ọ́n. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni: "Ṣé ó ń ta ẹ́ ni àbí ó ń lọ́ ẹ? Ìgbà wo lo yàgbẹ́ kẹ́yìn? Báwo ló ṣe rí?" Á sọ bí o ṣe máa lò ó, á sọ ohun tí o ò gbọ́dọ̀ fi bọ ẹnu. A máa ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé táwọn èèyàn fi ń sá kúrò nílé-ìwòsàn lọ sídìí agbo. Ìyá yẹn ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni!

Ibi tí èmi àti àwọn tó ń pariwo "ẹ má lọ bá a mọ́" ti pínyà nìyí ṣá. Agbo inú ìgò yẹn, pàápàá ti jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí inú rẹ̀ lè máa bó ikùn tó ti wú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí dókítà bá sì béèrè pé oògùn wo lò ń lò, a máa ní "Kò sí, sà." Nítorí agbo kì í ṣe oògùn lójú wa. Ibuprofen tí a ń lò fún nǹkan oṣù kì í ṣe oògùn. Alabukun tí a dà sẹ́nu lálẹ́ àná kì í ṣe oògùn, bẹ́ẹ̀ aspirin ló wà nínú rẹ̀. A máa ń fi í pamọ́ nítorí a mọ̀ pé wọ́n máa jágbe mọ́ wa, dókítà á wá máa wá ohun tó ń dá ọgbẹ́ sí wa nínú nígbà tó wà nínú báàgì wa. Mi ò dá aláìsàn láre lórí èyí. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ẹni tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀.

Bákan náà, ẹni tí inú rẹ̀ bá ń run, tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà tó ń lẹ̀, tàbí tó ń rù láìmọ̀dí, tàbí tí oúnjẹ ń há lọ́fun, kó má fi ìwà dókítà kankan ṣe àwáwí. Kó lọ lónìí. Bó bá fẹ́ kó jágbe, kó jágbe.

Ẹni tí tiẹ̀ kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jáde nínú yàrá yẹn láìbéèrè. Ẹ jókòó pa. Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ rò pé ó ń ṣe mí? Kí ni àyẹ̀wò yìí fẹ́ wá? Bí oògùn yìí bá ń dà mí láàmú, ṣé kí n dá a dúró ni àbí kí n padà wá?" Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá bó bá jẹ́ òun ló yọ̀ mọ́ ọn yín lẹ́nu. Bó bá ní ẹ ń fi àkókò ṣòfò, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé abala 23 ló rán yín. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti di dókítà níbí àti lókè òkun, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ìwé wa. Inú yín lè má dùn sí èyí. Ẹ kọ̀wé padà, a máa tẹ̀ ẹ́ jáde láìyọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì wà ní ẹ̀ka ìṣègùn lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ẹ ní ìwà kì í wo ọgbẹ́ sàn, iṣẹ́ kan rèé. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta yìí ní Yorùbá tí ìyá oníṣòwò yẹn máa gbọ́ yé: "Má lo oògùn yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àyẹ̀wò má bàa ṣì wá lọ́nà", "Lo èyí tán bí ara tiẹ̀ yá ẹ", àti èyí tó le jù, "Ikùn rẹ mọ́, àmọ́ mo gbà pé ó ń dùn ẹ́." Àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá máa bá yín tún un ṣe, a máa fi àmì ohùn sí i, a máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé, a sì máa gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn ọgbà wa fúnra wa. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbà á.